Elective lókè òkun fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti nọ́ọ̀sì: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti ń parí lọ ni ìbéèrè yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe lè ṣe elective lókè òkun?" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń béèrè, àwọn òbí ń béèrè, àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí London náà ń béèrè bí àwọn ṣe lè wá sí Ìbàdàn. Mo kó èyí tó ń wá léraléra jọ síbí. Kì í ṣe gbogbo ìdáhùn ló máa dùn mọ́ yín nínú.

Kí ni elective gan-an? Ṣé òun náà ni observership?

Elective ni ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mẹ́rin sí mẹ́jọ lọ́pọ̀ ìgbà, tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ yan ẹ̀ka àti ibi tó fẹ́ lò ó sí, tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní sanwó fún ọ. Ìwọ gan-an ló máa ń sanwó. Observership ní tirẹ̀ jẹ́ wíwò: o dúró, o wò, o gbọ́, o béèrè ọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ kò kan aláìsàn.

Orúkọ máa ń tan èèyàn jẹ. Ilé ìwòsàn kan lè pè é ní elective, kó o débẹ̀ kó o rí i pé ẹ̀yìn ni wọ́n ní kó o dúró sí látàárọ̀ dalẹ́. Ibòmíràn lè pè é ní observership, kí wọ́n sì ní kó o wá rán ojú ibi tó ya lára ìyá kan, bí ẹni pé o ti gboyè. Nítorí náà, kó o tó san kọ́bọ̀, kọ ímeèlì sí wọn, bi wọ́n ní ohun méjì: kí ni ẹ máa gbà mí láyè láti ṣe sí aláìsàn, ta sì ni yóò dúró tì mí nígbà tí mo bá ń ṣe é? Bí wọn kò bá lè dáhùn, wá ibòmíràn. Ìyọ̀ǹda yẹn ni gbogbo ìrìn àjò náà dúró lé lórí, físà rẹ pàápàá.

Físà wo ni mo máa gbà fún Ìlú Ọba?

Standard Visitor ni, èyí tí kì í ju oṣù mẹ́fà lọ. Òfin ìwọ̀lú wọn gba ẹni tó ń kàwé ìṣègùn, ìṣègùn eyín tàbí ìṣègùn ẹranko nílẹ̀ òkèèrè láyè láti wá ṣe elective, ṣùgbọ́n ó so ohun mẹ́ta mọ́ ọn: ọ̀dọ̀ yunifásítì Ìlú Ọba ló gbọ́dọ̀ ti ṣe é, wọn kò gbọ́dọ̀ sanwó fún un, kò sì gbọ́dọ̀ tọ́jú aláìsàn.

Èyí àkọ́kọ́ ló ń kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà. Bọ̀dá yín tó jẹ́ kọnsọ́táǹtì ní Birmingham lè gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀, kó ní kó o máa bọ̀ ní wọ́ọ̀dù òun, ṣùgbọ́n lẹ́tà tirẹ̀ nìkan kò tó. Yunifásítì ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé àwọn gbà ọ́. Èyí kẹta ńkọ́? Dókítà kan lè na abẹ́rẹ́ sí ọ ní wọ́ọ̀dù pé, "Ṣé o fẹ́ gbìyànjú ẹ̀?" Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó o sọ fún un pé físà rẹ kò gbà á. Kò ní bínú.

Ẹni tó ń yẹ ìwé físà wò fẹ́ mọ̀ pé wàá padà. Lẹ́tà láti ọ́fíìsì Provost, olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn yín, tó sọ ọdún tó o wà, ọjọ́ tí ẹ máa wọlé padà àti ìgbà tí ìdánwò rẹ yóò wáyé wúlò ju àlàyé gígùn lọ. Bí òbí ló ń ná owó náà, kí ìwé àkáǹtì wọn fi hàn ibi tí owó ti ń wá. Owó ńlá tó ṣàdédé balẹ̀ sí àkáǹtì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú máa ń dá ìbéèrè sílẹ̀.

Ohun kan tún wà: ìwé àyẹ̀wò ikọ́ fée tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà wà fún ẹni tó fẹ́ lò ju oṣù mẹ́fà lọ. Éjẹ́ǹtì tó bá ní kó o san owó rẹ̀ fún ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ń jẹ lára rẹ ni. Ilé ìwòsàn tó gbà ọ́ lè fẹ́ àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn kò kan físà.

Èmi nọ́ọ̀sì ni mò ń kà. Ṣé tèmi náà wà níbẹ̀?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti korò díẹ̀. Òfin elective tí mo sọ lókè yẹn dárúkọ ìṣègùn, eyín àti ẹranko. Kò dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì tó dárúkọ ni èyí tó ti gboyè nílẹ̀ òkèèrè, tó fẹ́ wá ṣe clinical attachment, ìyẹn ni pé kó wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, láìgbowó, láìtọ́jú aláìsàn. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó fẹ́ lọ sí Ìlú Ọba kò gbọ́dọ̀ da ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kọ. Ọ̀nà tó dára jù ni àdéhùn láàrin ilé ẹ̀kọ́ sí ilé ẹ̀kọ́: kí ẹ̀ka nọ́ọ̀sì yín ní àjọṣe pẹ̀lú ẹ̀ka nọ́ọ̀sì tiwọn, kí ọ́fíìsì tó ń rí sí akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè níbẹ̀ sì sọ irú físà tó bá ètò náà mu, lórí ìwé. Bi HOD rẹ bóyá irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wà. Ó lè wà kó máa sùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí kò sẹ́ni tó béèrè.

Inú mi kì í dùn sí bí àwọn nọ́ọ̀sì wa ṣe máa ń ro pé elective jẹ́ ti dókítà. Kọ́fọ̀wọ̀rọ̀lá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, St Thomas' Hospital ní London ló ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, òun ló sì wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì ní UCH Ìbàdàn. Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń fúnni lóyè nọ́ọ̀sì láti àárín àwọn ọdún 1960. Ohun tí nọ́ọ̀sì lè lọ wò kò kéré. Nílé wa, mọ̀lẹ́bí ló ń wẹ aláìsàn, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní Ìlú Ọba, iṣẹ́ òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù nìyẹn, nọ́ọ̀sì sì wà tó ń wa mọ́tò káàkiri àdúgbò lọ di ojú egbò fún àwọn àgbàlagbà nínú yàrá wọn. Ọjọ́ kan lẹ́yìn irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń rìnrìn àjò fún.

Mo gbọ́ pé NiMSA máa ń rán èèyàn lọ. Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

IFMSA ni àpapọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lágbàáyé. Ọdún 1951 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Copenhagen, NiMSA sì ni ọmọ ẹgbẹ́ láti Nàìjíríà. Apá méjì ló ń bójú tó pàṣípààrọ̀: SCOPE fún iṣẹ́ wọ́ọ̀dù, SCORE fún ìwádìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́. Ìdí tí kò fi wọ́n bí èyí tó o bá dá ṣe ni pé ẹnìkan lọ, ẹnìkan bọ̀: ibi tó gbà ọ́ yóò fún ọ níbùsùn àti oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ó kéré tán, owó ọkọ̀ òfurufú, físà àti adójútòfò wà lọ́rùn rẹ.

Àyè kò pọ̀, ìdíje sì wà. Lọ bá ẹni tó ń ṣojú exchange nílé ẹ̀kọ́ yín láti 300 level, má dúró di ìgbà tí fọ́ọ̀mù bá jáde. Kí ẹ sì rántí apá kejì àdéhùn náà. Bí tìrẹ ti ń lọ, ọmọ kan láti Ítálì tàbí Brazil ń bọ̀ wá sí hostel yín, ó sì yẹ kó bá omi àti iná níbẹ̀. Mo ti rí àlejò tó jókòó lórí àpótí rẹ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú nítorí pé ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ti lọ ìnáwó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń pàdánù àyè ọdún tó ń bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kò sí nínú ètò yìí o.

Amẹ́ríkà àti Jámánì ńkọ́?

Amẹ́ríkà: ètò wọn wà fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láti òkèèrè tó fẹ́ ṣe elective ní ilé ìwòsàn yunifásítì láìgbowó, físà B-1 ni wọ́n sì máa ń lò fún un. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2025 ni wọ́n ti mú òfin físà le gan-an fún ọmọ Nàìjíríà, nítorí náà ka ohun tó wà lórí ojú ewé ilé iṣẹ́ aṣojú wọn lónìí, má ka ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe lọ́dún 2019. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn tún máa ń béèrè adójútòfò fún àṣìṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe sí aláìsàn, ibẹ̀ ni ìwé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa ti ń dúró.

Jámánì: Famulatur ni wọ́n ń pe ti wọn, àwọn ilé ìwòsàn kan sì máa ń gba àlejò. Físà Schengen gba ọjọ́ 90, ó sì fẹ́ adójútòfò ìlera tó tó 30,000 yúrò, ó kéré tán. Bí o kò bá gbọ́ èdè Jámánì, aláìsàn á máa sọ̀rọ̀, ìwọ á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Kọ́ èdè náà dé ìwọ̀n kan kó o tó lọ.

Ṣé Ghana tàbí Benin tó nǹkan téèyàn ń lọ ṣe elective sí?

Ó tó, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹ kì í béèrè rẹ̀ tó. Ọmọ ECOWAS ni wá: ọjọ́ 90 láìgba físà. Owó tó máa san físà àti ọkọ̀ òfurufú lọ sí London lè gbé ẹni méjì lọ sí Accra kó sì bọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ láti wò. Ghana ti ṣòfin adójútòfò ìlera wọn láti ọdún 2003. Jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba orúkọ ní ilé ìwòsàn Korle Bu ní Accra tàbí Komfo Anokye ní Kumasi, kó o wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí aláìsàn bá yọ káàdì rẹ̀ jáde, kó o wo ohun tí káàdì náà san fún àti ohun tí kò san fún. Ẹ̀kọ́ tó o lè gbé wálé lò lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọkàn tó wà ní ilé ìwòsàn kan ní Leeds dára lójú, àmọ́ ìgbà wo lo máa tún fojú kàn án?

Ní Benin, Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé ní CNHU, ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Kútọ̀nu. Ṣùgbọ́n bí o bá ríbi kọ́ṣẹ́ ní apá Kétu, Pọ̀bẹ̀ tàbí Ṣàkété, aláìsàn ń sọ èdè wa, fáìlì ń sọ Faransé, ìwọ lo máa wà láàrin. Mi ò mọ ibi tó lè kọ́ èèyàn ní gbígba ìtàn àìsàn lẹ́nu aláìsàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ mi kò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má lọ sí Yúróòpù. Lọ síbi tí wọ́n ti ní ohun tí a kò ní. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ olóoru tó wà ní Liverpool ti wà láti ọdún 1898, mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn tó ń sanwó lọ kọ́ bí ibà ṣe rí níbẹ̀, kó kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ná.

Ọmọ mi wà ní 500 level. Ẹnìkan ní òun á bá wa ṣe gbogbo rẹ̀. Tó bá débẹ̀, ṣé kò kúkú lè dúró síbẹ̀?

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí tó kẹ́yìn kọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dúró. Ọmọ tó kù díẹ̀ kó di dókítà, tó wá pa ìwé tì nítorí físà oṣù mẹ́fà, ọwọ́ òfo ló mú dání: kò ní oyè níhìn-ín, kò ní ìwé ìgbéayé lọ́hùn-ún. Bó bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó ṣe housemanship, tó sì yege ìdánwò wọn, ọ̀nà tó tọ́ wà tó lè gbà lọ. Ẹni tó bá sì tẹ òfin físà lójú, àkọsílẹ̀ rẹ̀ kì í parẹ́, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn láti ilé ẹ̀kọ́ kan náà sì máa ń jẹ níbẹ̀.

Ní ti ẹni tó ní òun á bá yín ṣe é: ẹ bi í ní orúkọ yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn náà, kí ẹ̀yin fúnra yín wá àdírẹ́sì ímeèlì wọn lórí ojú ewé wọn, kí ẹ kọ̀wé sí wọn pé, "Ṣé ẹ mọ ọmọ wa?" Ẹ má lo àdírẹ́sì tí ẹni náà fún yín. Gbájúẹ̀ kì í fẹ́ kí èèyàn béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́yìn òun. Ìwé gbígbà tó wá kíákíá láìsí pé wọ́n béèrè àkọsílẹ̀ àjẹsára tàbí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ Provost yẹ kó kó yín láyà sókè.

London ni wọ́n bí mi sí, mo fẹ́ wá ṣe elective mi ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Èkó. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Káàbọ̀ o. Kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn tó wà lábẹ́ ilé ìwòsàn náà, kì í ṣe sí ilé ìwòsàn nìkan, kó o sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú. Bí ímeèlì kò bá lésì, pe fóònù. Bí o bá ní àǹtí tó lè fẹsẹ̀ dé ọ́fíìsì náà, lẹ́tà rẹ á tètè jáde. Bí nọ́ọ̀sì lò ń kà, kọ́kọ́ bi olùkọ́ rẹ bóyá wákàtí tó o máa lò ní Nàìjíríà máa wọ inú wákàtí iṣẹ́ tí NMC, àjọ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba, ń béèrè, kó o má baà padà dé kí wọ́n ní kó o tún un ṣe.

Abẹ́rẹ́ yẹ́lò fífà pọn dandan. Gbà á ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, ìwé rẹ̀ yóò sì wà títí ayé. Lẹ́yìn náà, ibà. Màmá rẹ lè sọ pé, "Ọmọ Yorùbá ni ọ́, ẹ̀fọn kò lè fi ọ́ ṣe nǹkan kan." Má gbọ́. Àwọn tó lọ kí mọ̀lẹ́bí wọn nílẹ̀ Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ibà wọ Ìlú Ọba padà. Lo oògùn tó ń dènà ibà. Bí Malarone ni, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, lò ó lójoojúmọ́, kó o sì lò ó fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tó o bá padà. Bí doxycycline ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tó o bá padà. Kò pé ọjọ́ kejì ni ọ̀pọ̀ ti ń gbàgbé ti ẹ̀yìn ìrìn àjò yẹn.

Ohun tó máa kọ́kọ́ bà ọ́ lẹ́rù ni owó. Dókítà á kọ oògùn, sírínjì, ìbọ̀wọ́ àti okùn tí wọ́n fi ń rán ojú egbò sórí ìwé pélébé kan, ọmọ aláìsàn á sì sáré jáde lọ rà á. Bí kò bá tètè dé, ìtọ́jú dúró. Wàá fẹ́ yọ owó lápò. Bá dókítà àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kó o tó ṣe bẹ́ẹ̀, torí bí o bá san fún bẹ́ẹ̀dì kẹta, bẹ́ẹ̀dì kẹrin ń wò ọ́. Àwọn wọ́ọ̀dù kan ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aláìní, bi wọ́n.

Kí aláìsàn kó o tó yẹ fáìlì rẹ̀ wò. "Ẹ kú àárọ̀ mà, ṣé ara ti ń le?" Bí Yorùbá rẹ kò bá tiẹ̀ dán mọ́rán, ìkúnlẹ̀ díẹ̀ tàbí títẹríba á bá ọ sọ èyí tó kù. Wọ́n á sọ fún ọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá àwọn jà, pé gìrì mú ọmọ, pé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń dà wọ́n láàmú. Má kàn kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní kí wọ́n fọwọ́ tọ́ka ibi tó ń dùn wọ́n, kó o sì béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ti lò sí i nílé, àgbo pẹ̀lú.

Nítorí pé òyìnbó ni ìró ohùn rẹ, àwọn kan á máa pè ọ́ ní dókítà. Sọ fún wọn pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́. Ohun tí wọn kò gbà ọ́ láyè láti dá ṣe ní London, o kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe ní Ìbàdàn, bó ti wù kí èrò pọ̀ tó àti bó ti wù kí dókítà kéré tó. Ìyá tó dùbúlẹ̀ sí Ìbàdàn kì í ṣe pápá ìdánrawò.

Bí abẹ́rẹ́ bá gún mi ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é fi ṣeré, nítorí ìwádìí NAIIS tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2018 rí i pé nǹkan bí ẹni mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ló ní hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ràn nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀. Àjẹsára rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: àkọ́kọ́, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn àkọ́kọ́. Ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn láti ọjọ́ ìrìn àjò rẹ. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó mú. Ilé ìwòsàn Ìlú Ọba máa ń béèrè èsì náà.

Bí ó bá gún ọ, fi omi àti ọṣẹ fọ ọ́, má fún ojú ibẹ̀, má sì tijú. Sọ fún ẹni tó ń mójú tó ọ ní wákàtí yẹn gan-an. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kíákíá, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń lò ó. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ ní wọ́ọ̀dù ni kó o ti béèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí àti ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn ibẹ̀ lóru. Bí ìdáhùn kò bá dájú, mú tìrẹ dání bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ bá lè fún ọ.

Bó bá jẹ́ apá Ọ̀wọ̀ lò ń lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibà Lassa wà níbẹ̀. Wọ́ọ̀dù àdádó kì í ṣe ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ àlejò ń wọ̀.

Kí ni mo máa wọ̀?

Fi kóòtù funfun rẹ sílé bí Ìlú Ọba lò ń lọ. Àwọn dókítà NHS, ìyẹn ilé ìwòsàn ìjọba wọn, kì í wọ̀ ọ́ mọ́. Láti ìgúnpá dé ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣófo ní wọ́ọ̀dù: kò sáago, kò sí ẹ̀gbà ọwọ́, kò sí apá aṣọ gígùn, kò sí èékánná oníṣe, òrùka ìgbéyàwó tí kò ní òkúta nìkan ni wọ́n ń gbà láyè. Nílé wa, òdìkejì ni: akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wọ kóòtù, tó tẹ̀ lé kọnsọ́táǹtì wọ wọ́ọ̀dù, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa gbọ́.

Ṣé mo lè ya fọ́tò?

Ti ilé, ti oúnjẹ, ti ẹnu géètì, bẹ́ẹ̀ ni. Ti aláìsàn, rárá, kódà bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín sí ọ. Ìyá ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ fún ẹni tó rò pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìlera ọmọ òun wà.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ wọn kí n tó máa bọ̀?

Àkọsílẹ̀ logbook tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, má jẹ́ kó pé oṣù kan kó o tó gbé e lọ bá wọn. Ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ fún ọ, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Lẹ́tà tó sọ ọjọ́ tó o bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó o parí àti ẹ̀ka tó o wà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì rẹ ni kó o ti béèrè ìgbà tí kọnsọ́táǹtì rẹ ń lọ sí ìsinmi, torí wọ́n máa ń lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn gan-an, ẹni tó bá sì dípò rẹ̀ kì í fẹ́ fọwọ́ sí ohun tí kò rí. Ya gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, kó o fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ kó o tó gbọ̀nà pápákọ̀ òfurufú.